Carl Siegmund Franz Credé

Carl Siegmund Franz Credé (ọjọ́ 23 Oṣù Kejìlá, ọdún 1819 – ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta, ọdún 1892) jẹ́ oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ìgbẹ̀bí àti àìsàn àwọn obìnrin. Òun ni ó fi hàn pé ẹ̀kán oògùn kan ṣoṣo, tí a bá kán an sí ojú ọmọ ní kété tí a bí i, lè dènà àrùn tí ó ti sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ di afọ́jú kí wọ́n tó pé oṣù kan láyé. A tún mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀nà kan tí a ń gbà mú ibi ọmọ jáde lẹ́yìn ìbímọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìlú Berlin ni a bí Credé sí. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Berlin àti ní Heidelberg, ó sì gba oyè dókítà ní Berlin ní ọdún 1842. Lẹ́yìn èyí, ó ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan gẹ́gẹ́ bí igbákejì lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Dietrich Wilhelm Heinrich Busch ní ilé ìgbẹ̀bí Yunifásítì Berlin. Ní ọdún 1850, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ìgbẹ̀bí. Ní ọdún 1852, a fi í ṣe olùdarí ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ní ìlú náà, ó sì ń bójú tó àwọn aláboyún ní ilé ìwòsàn Charité.

Ní ọdún 1856, Yunifásítì Leipzig pè é láti wá di ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ó sì máa darí ilé ìgbẹ̀bí àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí tí ó wà níbẹ̀. Leipzig ni ó wà títí ó fi kú. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé kíkọ ni. Ní ọdún 1870, òun àti Otto Spiegelberg dá ìwé àtìgbàdégbà Archiv für Gynäkologie sílẹ̀, inú rẹ̀ ni ó sì ti gbé àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ jáde.

Ọ̀nà mímú ibi ọmọ jáde

Kí Credé tó gba òkìkí nípa ojú àwọn ọmọdé, ibi ọmọ ni a kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Ní àkókò rẹ̀, bí ibi ọmọ bá pẹ́ kí ó tó jáde, okùn ìwọ́ ni ọ̀pọ̀ agbẹ̀bí máa ń fà, tàbí kí wọ́n ti ọwọ́ bọ inú ilé-ọmọ láti yọ ọ́. Ọ̀nà méjèèjì léwu, nítorí ọwọ́ tí ó wọ inú ilé-ọmọ lè gbé àrùn wọ̀ ọ́, ibà ìbímọ sì ń pa àwọn ìyá nígbà náà lọ́pọ̀lọpọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1853 ni Credé ti ń kọ́ni pé kí agbẹ̀bí rọra fi ọwọ́ ra ikùn ìyá títí ilé-ọmọ yóò fi sún kì, kí ó wá di òkè rẹ̀ mú láti ìta, kí àtàńpàkò wà níwájú, kí ìka mẹ́rin yòókù wà lẹ́yìn, kí ó sì fún un.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà. Friedrich Ahlfeld, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ìgbẹ̀bí, takú pé kí a ní sùúrù kí ibi ọmọ jáde fúnra rẹ̀. Lóde òní, abẹ́rẹ́ tí ń mú ilé-ọmọ sún kì ni a kọ́kọ́ máa ń lò, a kì í sì í tètè lo ọ̀nà Credé mọ́.

Àrùn ojú ọmọ tuntun

Ipin kì í ṣe ohun tuntun lójú ìkókó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni omi máa ń dà lójú wọn, tí ìpéǹpéjú wọn sì máa ń lẹ̀ pọ̀ bí wọ́n bá jí, nítorí pé ihò kékeré tí omijé ń gbà lọ sí imú kò tíì là dáadáa. Bí ẹyinjú kò bá pọ́n, tí ojú kò sì wú, òwú tí a rì sínú omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù ni a fi ń nù ún, láti ẹ̀gbẹ́ imú sí ìta, òwú ọ̀tọ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan. Irú èyí a sábà máa lọ fúnra rẹ̀.

Àrùn tí Credé dojú kọ kì í ṣe irú èyí, kì í sì í ṣe ojú pípọ́n tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní Àpólò. Láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìbí ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìpéǹpéjú a wú débi pé ọmọ kò ní lè la ojú, ọyún a sì máa ṣàn jáde bí a bá fi ọwọ́ kàn án. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, awọ dídán tí ó wà níwájú ẹyinjú yóò ní egbò, ó sì lè lu. Nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ afọ́jú ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí àrùn yìí fọ́ lójú kì í ṣe díẹ̀ rárá. Inú ojú ara ìyá ni ọmọ ti ń kó o nígbà tí ó bá ń jáde bọ̀. Ní ọdún 1879, Albert Neisser rí kòkòrò àtọ̀sí, ó sì rí i nínú ọyún ojú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Leipzig

Ní ọdún 1874, ó lé ní mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí a bí ní ilé ìgbẹ̀bí Leipzig tí àrùn yìí mú. Credé kọ́kọ́ gbìyànjú láti wo àwọn ìyá. Ó ní kí a máa fi omi oògùn apakòkòrò fọ ojú ara wọn kí wọ́n tó bímọ. Iye àwọn ọmọ tí ń ṣàìsàn dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn náà kò kásẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà náà ni ó yí ọkàn sí ojú ọmọ fúnra rẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1879, ó lo omi bórákísì, kò sì ní ìtẹ́lọ́rùn. Ní Oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó bọ́ sórí náítíréètì fàdákà, oògùn tí a ń rí láti ara fàdákà.

Àwọn ọmọ tí ìyá wọn ní àrùn nìkan ni ó kọ́kọ́ fún. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti lójú pọ̀. Àwọn tí a kán an sí lójú bọ́, ṣùgbọ́n àrùn mú lára àwọn tí a rò pé ara ìyá wọn dá ṣáṣá. Credé wá rí i pé ojú lásán kò lè mọ ìyá tí ó ní àrùn yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹfà ọdún 1880, ó pa á láṣẹ pé kí a kán oògùn náà sí ojú gbogbo ọmọ tí a bá bí, láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ìyá. Èyí tún mú ìtìjú kúrò, nítorí kò sí obìnrin kan tí a óò torí oògùn náà nawọ́ sí.

Ọ̀nà rẹ̀ rọrùn. Agbẹ̀bí yóò nu ojú ọmọ mọ́, yóò la ìpéǹpéjú rẹ̀, yóò sì fi ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kán ẹ̀kán kan sí ojú kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 200 ọmọ tí a bí ní ìyókù ọdún 1880, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ní àrùn náà. Credé gbé ìròyìn yìí jáde ní ọdún 1881, ó sì kọ ìwé odidi lórí rẹ̀ ní ọdún 1884.

Ìtànkálẹ̀ àti àríyànjiyàn

Láàárín ọdún díẹ̀, ọ̀nà yìí ti dé ọ̀pọ̀ ilé ìgbẹ̀bí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn ìjọba mìíràn sì sọ ọ́ di òfin. Ní Amẹ́ríkà, Helen Keller, tí àrùn mìíràn ti fọ́ lójú, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn obìnrin ní ọdún 1907 láti bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, nígbà tí ó ṣì jẹ́ èèwọ̀ láti dárúkọ àtọ̀sí ní gbangba.

Oògùn náà ní àléébù tirẹ̀. Ó máa ń ta ọmọ lójú, ojú a sì pọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí a bá ṣèèṣì lo èyí tí ó le jù, ó lè ba ojú jẹ́, nítorí náà ni a ṣe dín in kù sí ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ó yá. Kò sì lágbára tó lórí klamídíà, kòkòrò mìíràn tí ọmọ ń kó lára ìyá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kán oògùn sí ojú gbogbo ọmọ mọ́. Àyẹ̀wò ìyá àti ìtọ́jú kíákíá ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tirẹ̀ ṣì gbà á nímọ̀ràn fún gbogbo ọmọ tuntun. Ìpara tẹtirasáíkílìnì tàbí ẹritiromáísìnì ni ó ti gba ipò fàdákà ní ibi púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí kan tí a ṣe ní Kẹ́ńyà, tí ó jáde ní ọdún 1995, fi hàn pé omi áyódíìnì, tí kò wọ́n, ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ìgbẹ̀yìn ayé àti ẹbí rẹ̀

Credé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1887, Paul Zweifel sì gba ipò rẹ̀. Lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni Max Sänger, tí ó tún ọ̀nà rírán ilé-ọmọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbímọ ṣe ní ọdún 1882, àti Gerhard Leopold, tí ó di àna rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì jọ kọ ìwé ẹ̀kọ́ fún àwọn agbẹ̀bí. Ó kú ní Leipzig ní ọdún 1892, ní ẹni ọdún 72. Ọmọ rẹ̀, Benno Credé, di oníṣẹ́ abẹ ní Dresden, òun náà sì di olókìkí nípa fàdákà: ó ṣe ìpara àti oògùn fàdákà mìíràn fún àwọn tí egbò wọn ti kó àrùn.