Kápítéènì Davies àti Kòkó Ijọn

Nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé, bí a bá ti dárúkọ ẹni tí ń dá okòwò sílẹ̀, òkèèrè ni ọkàn wa í sáré lọ. Olùkọ́ yóò ní Joseph Schumpeter ti kọ ọ́ ní 1911 pé ẹni bẹ́ẹ̀ ni í kó àwọn ohun tí ó ti wà nílẹ̀ jọ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà kó wọn jọ rí, àti pé òun ni í ti ọrọ̀-ajé síwájú. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí a ó fi máa wá àpẹẹrẹ rẹ̀ kiri ní Jámánì àti Amẹ́ríkà nígbà tí James Pinson Labulo Davies gbé Èkó tiwa níhìn-ín. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, n ó sì pẹ́ díẹ̀ níbi tí òwò rẹ̀ ti fọ́.

Ní 1828 ni a bí i ní abúlé Bathurst, ní ilẹ̀ Sàró. Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, wọ́n wà lára àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà ìjọ CMS ní Freetown, ó ṣe olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì wọ iṣẹ́ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Inú ọkọ̀ Bloodhound ni ó wà nígbà tí wọ́n yìnbọn lu Èkó ní 1851 tí wọ́n sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde. Ó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Apá yìí nínú ìtàn rẹ̀ kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ní 1852 ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ó di ọ̀gá ọkọ̀ òwò, ní 1856 ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó.

Kò pẹ́ tí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn olówó ìlú. Nígbà tí Babington Macaulay fẹ́ dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, Davies ni ó fi £50 sílẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1862 ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní Brighton, ọmọbìnrin tí ogun Dahomey kó ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí Ọbabìnrin Victoria sì wá di alágbàtọ́ rẹ̀. Ìgbéyàwó yìí ni àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn láti máa tẹnu mọ́, bí ẹni pé Davies kò ṣe ohun mìíràn láyé ju pé ó gbé ọmọ ọba níyàwó. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ òwò.

Báwo ni òwò Èkó ṣe ń lọ nígbà náà? Àwìn ni. Ilé-iṣẹ́ Manchester yóò kó aṣọ ránṣẹ́ sí oníṣòwò Èkó láìgba owó lọ́wọ́. Oníṣòwò Èkó yóò tún kó o láwìn fún àwọn alájàpá tí ń lọ sí òkè. Wọn yóò tà á, wọn yóò fi ra epo àti èkùrọ́ bọ̀, èyí ni ọkọ̀ yóò kó lọ sí ìlú òyìnbó láti fi san gbèsè àkọ́kọ́. Ó dára bí ọ̀nà bá là, tí epo sì níye lórí. Ṣùgbọ́n ogun Ìjàyè ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ogun àti ìjà kò sì jẹ́ kí ọ̀nà là tó bí oníṣòwò ti ń fẹ́. Ọ̀nà tí a bá sé lóṣù mẹ́ta, gbèsè oṣù mẹ́ta ni. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ilé àti ilẹ̀ wá di ohun tí a lè fi dógò ní kóòtù tiwọn, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn baba wa. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Manchester wá béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ Davies, gbèsè náà wọ ọ́ lọ́rùn, ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé 1870 ni òwò rẹ̀ sì dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ní 1872 di onígbèsè tí àwọn ènìyàn ń sọ lẹ́yìn.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò ní kò mọ òwò ṣe. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń fi owó olówó ṣòwò lórí ọ̀nà tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀, àfi kí orí bá a ṣe é.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Davies ti lé ní ẹni ogójì ọdún nígbà tí ó ṣubú, ṣùgbọ́n iwájú ni ó wò. Ní nǹkan bí 1879 sí 1880 ó rí èso kòkó gbà láti inú ọkọ̀ Brazil kan àti láti Fernando Po, ó sì gbìn ín sí oko rẹ̀ ní Ijọn, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó. Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò mú kòkó wọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, àmọ́ oko tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà fún òwò kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ kíyè sí ohun tí ó yí padà. Epo tí ó ń tà tẹ́lẹ̀, ẹlòmíràn ni í fún un, ẹlòmíràn ni í rù ú bọ̀. Kòkó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, nítòsí etíkun. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni kòkó fi ń dàgbà kí ó tó so, ẹni tí gbèsè sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká ni ó dúró dè é.

Ní ọdún 1880 náà ni Sarah kú sí Madeira, níbi tí ó lọ wá ìwòsàn ikọ́ àwúbì. Inú oko kòkó Ijọn ni Davies ti gbé òkúta ìrántí dúró fún un.

Ọ̀dọ̀ Davies ni J. K. Coker ti kọ́ nípa kòkó, òun ni ó sì sọ ọ́ di ńlá ní Agége. Àwọn alágbàṣe tí wọ́n ti òkè wá ṣiṣẹ́ ní oko Agége, bí wọ́n bá ń padà sílé, èso kòkó a bá wọn lọ. Àwọn ọmọ ìjọ African Church náà gbé e kiri. Owó kòkó ni ó wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955, òun náà ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní 1965. Davies kò rí èyíkéyìí nínú wọn. Ní 29 oṣù kẹrin 1906 ni ó kú, ọdún kan ṣáájú kí Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀.