Ìtàn Meiji, Ọba Ńlá Ilẹ̀ Jàpáànì

Nínú àwọn ọba tí ìran ènìyàn kò lè gbàgbé ni Mutsuhito wà, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Meiji, ọba ńlá ilẹ̀ Jàpáànì. A fẹ́ sọ díẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àti ní pàtàkì fún ẹ̀yin olùkọ́, nítorí ẹ̀kọ́ ń bẹ nínú rẹ̀, ìkìlọ̀ sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìlú Kyoto ni a gbé bí i, ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 1852. Ní ìgbà náà, ó ti lé ní 200 ọdún tí ilẹ̀ Jàpáànì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Ọba wà lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n olórí ogun, tí wọ́n ń pè ní Shogun, ni ó ń ṣe ìjọba. Òfin rẹ̀ sì kọ ìgbàgbọ́ Kristi, a sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nítorí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà kò tí ì pé ọdún kan, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà mẹ́rin dé sí ẹnu omi Edo, wọ́n sì fi agbára béèrè pé kí a ṣí ilẹ̀kùn náà. Ìjayà bá ìjòyè àti mẹ̀kúnnù.

Ní ọdún 1867 ni bàbá rẹ̀ wàjà, òun sì gun orí ìtẹ́ ní ọmọ ọdún 14. Kí ọdún náà tó parí, Shogun dá àṣẹ padà fún ọba. Ní 1868, ọba búra níwájú àwọn ìjòyè pé a ó fi àṣà búburú sílẹ̀, a ó sì wá ìmọ̀ ní gbogbo ayé. Orúkọ tí a fún ìgbà ìjọba rẹ̀ ni Meiji, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ìjọba ìmọ́lẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà, nítorí ọmọdé ni. Àwọn ìjòyè ọlọ́gbọ́n ni wọ́n dúró tì í. Ní 1871 wọ́n rán aṣojú lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ọmọdébìnrin márùn-ún sì bá wọn lọ láti kẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní 1872 òfin jáde pé kí gbogbo ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún kan náà ni ọba fúnra rẹ̀ ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Tokyo, èyí tí í ṣe Edo àtijọ́, dé Yokohama.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó pamọ́. Ní Urakami, lẹ́bàá Nagasaki, àwọn ará abúlé ti pa ìgbàgbọ́ Kristi mọ́ ní ìkọ̀kọ̀ láti ìran dé ìran, láìní àlùfáà fún ohun tí ó ju 200 ọdún lọ. Ní 1865 wọ́n fi ara wọn hàn fún àlùfáà Faransé kan. Ìjọba titun náà fà wọ́n tu, ó sì kó ènìyàn tí ó ju 3,000 lọ sí ìgbèkùn. Ó ju 600 nínú wọn tí ó kú. Nígbà tí àwọn aṣojú dé òkè òkun, ẹ̀gàn ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n bá pàdé. Ní 1873 a ká àwọn pátákó òfin tí ó kọ ìgbàgbọ́ kúrò, àwọn tí ó kù láàyè sì padà sílé. Ní 1889, òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà fún olúkúlùkù láyè láti ṣe ìsìn tirẹ̀, bí kò bá ti da ìlú rú.

Síbẹ̀, a ń kọ́ àwọn ọmọ pé ìran òrìṣà ni ọba. Ní 1890 ó gbé ìwé àṣẹ jáde lórí ẹ̀kọ́, a sì ń tẹrí ba fún ìwé náà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1891, olùkọ́ onígbàgbọ́ kan, Uchimura Kanzo, kò tẹrí ba tó bí wọ́n ti fẹ́, nítorí ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Agbára tí ìmọ̀ titun fún wọn ni wọ́n fi bá Ṣáínà jà ní 1894, àti Rọ́ṣíà ní 1904. Ní 1910 wọ́n sì gba ilẹ̀ Kòríà mọ́ àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́.

Meiji wàjà ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 1912, ní ẹni ọdún 59. Ní 1920 a ya ojúbọ ńlá sọ́tọ̀ fún un ní Tokyo. Ṣùgbọ́n ní 1946, lẹ́yìn ogun tí ó sọ ilẹ̀ náà di ahoro, Hirohito, ọmọ-ọmọ rẹ̀, jẹ́wọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ọba kì í ṣe ọlọ́run.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a yin ọba tí kò tijú láti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé àwọn ará Urakami, àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ dí ọkàn rere. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, ẹ kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́. Kí ẹ sì kọ́ wọn pẹ̀lú pé ọ̀wọ̀ ni ti ọba, ìsìn ni ti Ọlọ́run.