Karl Terzaghi: Ẹni tí ó Mọ Ìwà Omi Nínú Ilẹ̀

Apá kan iná mànàmáná tí ń tàn ní Santasi, ní Kumasi, láti Akosombo ni ó ti ń wá, níbi tí ìsédò olókúta àti amọ̀ tí a parí ní 1965 ti dá odò Volta dúró. Ènìyàn lè rò pé ìwúwo nìkan ni ó dá omi náà dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni eku ń jẹ awọ: omi a máa gbé yẹ̀pẹ̀ lọ ní hóró kọ̀ọ̀kan títí ìsédò yóò fi ya, tí àgbàrá yóò sì gbá ilé àti ẹ̀mí lọ. Karl Terzaghi wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìmọ̀ kojú ewu yìí.

Prague ni a bí i sí ní 1883. Ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ni ó kọ́ ní Graz, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ilẹ̀ ni ó gba ọkàn rẹ̀, nítorí àbá ni àwọn ẹnjiníà ìgbà náà sábà fi ń kọ́lé lé e lórí. Ní 1916 ó di olùkọ́ ní Istanbul. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí owó wọ́n, àpótí sìgá àti àlòkù irin ni ó fi ń dán amọ̀ àti iyanrìn wò. Ó rí i pé omi tí ó há sáàárín hóró ilẹ̀ a máa dín agbára ilẹ̀ náà kù. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1925. Ní ọdún kan náà ni ó lọ kọ́ni ní M.I.T., ní Amẹ́ríkà.

Ìlànà rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: kí a fún omi ní ọ̀nà, kí a sì fi asẹ́ sí ẹnu ọ̀nà náà. Kí ihò asẹ́ kéré tó láti dá yẹ̀pẹ̀ dúró, kí ó sì tóbi tó láti jẹ́ kí omi kọjá. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí a ṣà ní ìwọ̀n ni a fi ń ṣe é.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó bá wọn ṣe ìsédò Mission ní Kánádà, lórí ilẹ̀ rírọ̀, ó sì tẹ́ ọ̀rá sórí amọ̀ kí omi má baà jò bí amọ̀ bá sán. Iṣẹ́ náà parí ní 1960. Terzaghi kú ní 1963. Ní 1965 a fi orúkọ rẹ̀ pe ìsédò náà.

Lónìí, a ti pa asẹ́ àti ọ̀rá pọ̀ sínú ohun kan tí a ń ká bí ẹní: aṣọ oníke ni asẹ́ rẹ̀, omi ń gba àárín rẹ̀ lọ, ọ̀rá sì dí ìdí rẹ̀. A ń tẹ́ ẹ sábẹ́ ọ̀nà, sẹ́yìn ògiri àti sídìí ààtàn. Bí ihò aṣọ náà kò bá bá yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ mu, yóò dí, owó yóò sì ṣòfò. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò rà á kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí Terzaghi ti ṣe pẹ̀lú àpótí sìgá.