Dókítà Trudeau ti Saranac Lake

Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí bí a ti máa ń bẹ̀rù ikọ́ ife tó. Ní 1873, àìsàn yìí mú Edward Livingston Trudeau ní ìlú New York, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 24. Dókítà ni òun fúnra rẹ̀. Kí ó tó di dókítà ni ó ti tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin títí àrùn kan náà fi pa á.

Ó lọ sí òkè Adirondack ní àríwá ìpínlẹ̀ náà, kì í ṣe láti wá ìwòsàn, bí kò ṣe kí ó lè kú sí ibi tí ó fẹ́ràn láti máa ṣọdẹ. Ara rẹ̀ ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí afinimọ̀nà kan fi gbé e gun àtẹ̀gùn ilé ìtura bí ẹni gbé ọmọdé. Ṣùgbọ́n kò kú. Ní 1876, òun àti ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Saranac Lake, abúlé àwọn afinimọ̀nà àti agégẹdú tí ilé rẹ̀ kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn tí kò lówó tí wọ́n lè fi gun òkè bí tirẹ̀ kò jẹ́ kí ó sinmi. Àwọn afinimọ̀nà dáwó ra ilẹ̀ fún un, ó sì kọ́ ahéré pupa kékeré kan sórí rẹ̀. Obìnrin méjì, ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ní New York, ni ó kọ́kọ́ gbà síbẹ̀. Owó tí irú wọn ń san kò tó owó ìtọ́jú wọn. Òun ni ó ń tọrọ ìyókù lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rọ̀, kò sì gba owó iṣẹ́ tirẹ̀.

Ó pín ehoro 15 sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó kó àrùn ran márùn-ún, ó sì tú wọn sílẹ̀ ní erékùṣù kan: mẹ́rin yè. Ó kó o ran márùn-ún mìíràn, ó sì há wọn mọ́ inú òkùnkùn: mẹ́rin kú. Ó há márùn-ún tí ó kù mọ́ bẹ́ẹ̀ láìkó àrùn ràn wọ́n: ọ̀kan kò kú.

Kí a má baà ṣi òye mú, òkè kò wò ó sàn pátápátá. Ní 1893, ikọ́ ife pa ọmọbìnrin rẹ̀. Lọ́dún náà ni iná jó ilé rẹ̀ pẹ̀lú ibi ìwádìí tí ó wà nínú rẹ̀. Ó tún un kọ́ ní 1894, òkúta ni ó fi kọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí. Abúlé náà di ìlú, àwọn ará ibẹ̀ sì ń kọ́ ilé onífàráńdà tí aláìsàn lè sùn sí nínú atẹ́gùn, àní nínú yìnyín pàápàá.

Trudeau kú ní 1915. Ilé ìwòsàn rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ní 1954, nígbà tí oògùn tòótọ́ ti dé.