Thomas DeLorme: Dókítà tó sọ irin gbígbé di ìtọ́jú fún ẹsẹ̀ tó ti rọ

Ní Monrovia níbí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dókítà, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé irin lẹ́yìnkùlé ilé. Àwọn míì rọ sìmẹ́ńtì sínú agolo méjì, wọ́n fi páìpù irin so wọ́n pọ̀, ó di ohun èlò jíìmù. Inú mi máa ń dùn láti rí wọn, torí ara líle loògùn ọrọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn á dé ọ̀dọ̀ mi, orúnkún rẹ̀ á ti wú, tàbí kí ó máa di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ìyá tàbí ìyàwó rẹ̀ á sì tẹ̀lé e wá. Ìbéèrè méjì ni wọ́n sábà máa ń bi mí: ṣé kó kúkú dùbúlẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá ni? Ìgbà wo ló tún lè gbé irin?

Dókítà ará Amẹ́ríkà kan wà tó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáhùn ìbéèrè méjèèjì. Thomas Lanier DeLorme lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ físíò ló mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jàǹfààní iṣẹ́ rẹ̀ ní jíìmù kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọmọdé tí àìsàn dá dúbúlẹ̀

Ọdún 1917 ni wọ́n bí DeLorme, ọmọ ìpínlẹ̀ Alabama ní gúúsù Amẹ́ríkà ni. Nígbà tó wà ní kékeré, àìsàn tí wọ́n ń pè ní rheumatic fever kọ lù ú, ó sì dá a dúbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí àìsàn yìí, torí ó ṣì wà láàárín wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀fun dídùn ló sábà máa ń ṣáájú rẹ̀. Bí kòkòrò bakitéríà kan bá wọ ọ̀fun ọmọ, tí wọn kò sì tọ́jú rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ara ọmọ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà. Oríkèé á máa wú, á máa ro ó, ibà á gbé e, àìsàn náà sì lè ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 15 ló máa ń ṣe jù. Nítorí náà, ọmọ tí ọ̀fun ń dùn tí ibà sì ń ṣe, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ má fi àgbo nìkan tọ́jú rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn oníṣègùn gbà pé ẹni tí àìsàn yìí bá ti ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí iṣẹ́ agbára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara DeLorme yá díẹ̀, irin gbígbé ló fi dá okun rẹ̀ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó fúyẹ́, ó ń fi kún un, títí ó fi di ọkùnrin alágbára. N kò sọ pé kí ẹni tó ní àìsàn ọkàn lọ máa gbé irin láìbi dókítà rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ọmọdé yìí fi ara rẹ̀ mọ ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà kò tíì mọ̀.

Ilé ìwòsàn tó kún fún ọmọ ogun

DeLorme kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ó sì di dókítà ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé ìwòsàn Gardiner General Hospital ní ìlú Chicago ló ti ṣiṣẹ́ ní ọdún 1944 àti 1945. Àwọn ọmọ ogun tó ṣèṣe kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Orúnkún àwọn kan ti bàjẹ́, itan àwọn míì sì ti rù lẹ́yìn tí wọ́n tú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi di egungun wọn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn kò tètè ń gba okun padà. Eré ìdárayá tó fúyẹ́ ni wọ́n ń fún wọn, wọ́n á ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, torí ẹ̀rù ń ba àwọn oníṣègùn pé ẹrù wúwo yóò tún ba ẹsẹ̀ jẹ́, tàbí pé yóò mú kí iṣan le gbandi. DeLorme rántí ara rẹ̀. Ó ronú pé bí irin bá lè gbé òun dìde lórí ibùsùn, ó yẹ kó ran ẹsẹ̀ ọmọ ogun lọ́wọ́. Ó wọ bàtà irin fún wọn, ó ń so ẹrù mọ́ ọn, ó sì ní kí wọ́n máa na orúnkún wọn.

Okun ń padà, itan sì ń kún, kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọdún 1945, ó kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn egungun. Kókó rẹ̀ ni pé ẹrù wúwo tí a gbé ní ìwọ̀nba ìgbà ló ń fún iṣan ní okun, èyí tó fúyẹ́ tí a gbé lọ́pọ̀ ìgbà sì ń fún un ní ìfaradà. Ẹsẹ̀ tí okun rẹ̀ ti lọ nílò okun lákọ̀ọ́kọ́.

Ó tún èrò ara rẹ̀ ṣe

Ibi tí mo ti bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí jù nìyí. Níbẹ̀rẹ̀, ó ní kí aláìsàn gbé ẹrù náà ní abala méje sí mẹ́wàá lójúmọ́, abala kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn ogun, ó lọ sí Boston, ó sì bá dókítà Arthur Watkins ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n rí i pé iye yẹn ti pọ̀ jù. Ní ọdún 1948, wọ́n dín in kù sí abala mẹ́ta péré. Orúkọ tó kọ́kọ́ fún ọ̀nà náà, tó dá lórí ẹrù wúwo, ó yí i padà sí èyí tó dá lórí ẹrù tó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀.

Báyìí ló rí. Ẹ wá ẹrù tí aláìsàn lè gbé ní ìgbà mẹ́wàá, tí kò ní lè gbé e ní ìkọkànlá. Ká ní kílò 4 ni. Abala kìíní, ìdajì rẹ̀ ni yóò gbé, ìyẹn kílò 2, ní ìgbà mẹ́wàá. Abala kejì, kílò 3. Abala kẹta ni yóò wá gbé kílò 4. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n á tún un wọ̀n, bí okun bá ti pọ̀ sí i, ẹrù náà á pọ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n lò fún àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ sọ iṣan wọn di aláìlágbára. Ẹni tí kò lè gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pàápàá, DeLorme á fi okùn àti ẹrù bá a gbé lára ìwúwo ẹsẹ̀ náà, títí yóò fi lè dá a gbé. Ní ọdún 1951, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Ọdún 2003 ló jáde láyé, ọdún kan náà tí ogun abẹ́lé Liberia parí, tó sì fi ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tó ṣèṣe sílẹ̀ fún wa láti tọ́jú.

Kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sọ fún ọ̀dọ́kùnrin kan tí orúnkún rẹ̀ yí pé kó sinmi, n kò sì sọ fún un ìgbà tí ìsinmi yóò parí. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mi. Ó ń bu oúnjẹ fún un lórí ibùsùn, ó ń bá a gbé omi ìwẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wá, ìwúlé ti lọ, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ ti rù débi pé ẹsẹ̀ náà kò lè gbé e gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀bi ìyá náà kọ́, ẹ̀bi tèmi ni.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

Ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ibi tó ṣèṣe sinmi. Ẹ fi yìnyín tí ẹ wé sínú aṣọ lé e fún ìṣẹ́jú 15 láti dín ìrora kù, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ náà sókè lórí ìrọ̀rí. Ẹ má fi òróró gbígbóná wọ́ ọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Àwọn oògùn ìrora bíi diclofenac lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè pa kíndìnrín lára, ẹ má sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi dókítà tàbí físíò nípa irú ìnà tó yẹ, torí orúnkún kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, kò dìgbà tí ẹ ra irin. Ike omi onílítà kan jẹ́ kílò kan, ẹ kó o sínú báàgì tó lágbára. Bí ìrora bá mọ níwọ̀n, tó sì rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò burú. Bó bá pọ̀ sí i tàbí tí oríkèé tún wú, ẹ dín ẹrù kù. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ló ń tún iṣan ṣe, oorun alẹ́ náà sì ṣe pàtàkì.

Ẹ má kánjú o. Iṣan ń tètè san, ṣùgbọ́n okùn tó so ó mọ́ egungun máa ń gba oṣù púpọ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún okùn àárín orúnkún sábà máa ń dúró tó oṣù 9 kó tó padà sí eré ìdárayá rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ kò gbọdọ̀ dúró sílé

Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn bí ohun kan bá dún pó nínú ara rẹ̀ tí kò sì lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún tí abẹ́ rẹ̀ kú tìpìrì, tàbí tí kò lè tọ̀, òru ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ. Bí ìtọ̀ bá dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn irin gbígbé nínú ooru, iṣan rẹ̀ lè ti máa fọ́, kíndìnrín sì wà nínú ewu. Bí ojúgun bá wú tí èémí sì ń há, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ìfẹ́ ló ń mú kí ẹ máa bá a gbé gbogbo nǹkan. Ẹ máa bá a gbé e lónìí. Lọ́la, ẹ jẹ́ kó gbé díẹ̀ níbẹ̀. Lọ́túnla, kó gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì dúró tì í.