Dutrochet: Oníṣègùn Tí Ó Tọpa Omi Nínú Ẹran-ara àti Ewéko

Àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé dé Warri mọ̀ pé ìlú náà kò jìnnà sí omi. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Forcados àti Escravos, níbi tí odò ti ń pàdé òkun, ọlọ́gbọ́n èrò ọkọ̀ a máa gbé omi mímu dání. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tí ó sì mu omi òkun, ńṣe ni òùngbẹ náà yóò le sí i, nítorí iyọ̀ inú omi náà a máa fa omi jáde kúrò nínú ara rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀bá omi oníyọ̀ kan náà ni àwọn igi tí gbòǹgbò wọn rí bí ẹsẹ̀ akàn ti ń yọ ewé tútù, nítorí gbòǹgbò wọn a máa sẹ́ iyọ̀ púpọ̀ kúrò. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó tú ìdí irú ọ̀rọ̀ báyìí wò ni Henri Dutrochet, ọmọ ilẹ̀ Faransé.

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1776 ni a bí i ní Néons, ní ẹkùn Poitou. Ọmọ ọlọ́lá ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò tọ́ láti ìgbà tí a ti bí i. Àwọn oníṣègùn sapá títí, wọn kò rí i ṣe. Ẹni tí ó wá tún ẹsẹ̀ náà ṣe jẹ́ ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti máa pa àwọn tí a dá ẹjọ́ ikú fún! Ẹni tí ó bá mọ àwọn atóeegun nílẹ̀ wa kò ní fi èyí rẹ́rìn-ín.

Rògbòdìyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1789 gba ohun ìní ìdílé wọn lọ. Ní ọdún 1799 Dutrochet wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, kò sì pẹ́ tí ó fi sá kúrò níbẹ̀ lọ bá àwọn tí ń jà fún ọba. Ọdún 1802 ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Paris, ó sì gboyè ní 1806. Ó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun lọ sí Sípéènì, ó tọ́jú àwọn aláìsàn nígbà tí àjàkálẹ̀ ibà jà ní Burgos, títí àìsàn fi gbé òun náà dè. Ní 1809 ó padà sílé, ó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nítòsí Château-Renault, ó sì fi ìwádìí ṣe iṣẹ́.

Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé àpò wínníwínní kan láti ara ìgbín aláìníkarahun ń fa omi mu, tí omi náà sì ń ti ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde. Ó wá mú ìfun adìyẹ, ó rọ wàrà sí i, ó so ẹnu rẹ̀ pinpin, ó sì rì í sínú omi. Nígbà tí ó wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà, ó ti wúwo sí i. Omi ti gba ara ìfun náà wọlé láìsí ihò kankan tí ojú lè rí. Bí ó bá sì jẹ́ pé omi ìta ni ó ki ju ti inú lọ, omi inú ni yóò máa jáde. Ó fún wíwọlé ní orúkọ kan, ó fún jíjáde ní òmíràn, ó sì ṣe ìgò kan tí a fi awọ dí ní ìdí, kí ó lè wọn agbára tí omi náà fi ń gòkè. Ọdún 1826 ni ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ rí i. Àlùfáà Nollet ti rí irú rẹ̀ nínú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ní ọdún 1748. Ohun tí Dutrochet ṣe ni pé ó mú un wọ inú ẹ̀dá alààyè. Ó ti gbà láti 1824 pé àpò kéékèèké, èyí tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ni a fi kọ́ ènìyàn, ẹranko àti ewéko. Ẹ̀fọ́ tí ó rọ lórí àtẹ a máa nàró padà bí a bá wọ́n omi sí i, nítorí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti mu omi yó. Ògiri líle tí ó yí sẹ́ẹ̀lì náà ká ni kì í jẹ́ kí ó bẹ́. Bí ajílẹ̀ òyìnbó bá sì pọ̀ jù ní ìdí àgbàdo, ewé rẹ̀ a gbẹ bí ẹni pé iná rà á, bí ilẹ̀ tilẹ̀ tutù. Iyọ̀ tí ń pa ìgbín, ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà.

Dutrochet kọ́kọ́ rò pé iná mànàmáná ni ó ń ti omi náà, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà á wọ Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé ní 1831. Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1847, ní ẹni ọdún 70. Ní 1854 ni Thomas Graham, ará Skọ́tíláńdì, sọ orúkọ rẹ̀ méjèèjì di ẹyọ kan, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ọsimósíìsì lónìí.

Bí a bá fa omi lásán sínú iṣan ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ yóò mu ún títí yóò fi bẹ́, nítorí kò ní ògiri bí ti ewéko. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, yóò hunjọ. Nítorí náà ni omi oníyọ̀ tí wọ́n ń fà sára aláìsàn ní ilé ìwòsàn, ní Warri tàbí níbikíbi, fi ń ní iyọ̀ gíráàmù 9 nínú lítà kan.