D. O. Fágúnwà: Olùkọ́ tí ó fi ìtàn tọ́ ọmọ

Ní ìlú Òkè-Igbó ni a bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà sí ní ọdún 1903. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n tó di onígbàgbọ́. Ó kàwé ní St. Luke's ní ìlú rẹ̀, ó sì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́, láti ọdún 1926 sí 1929. Àwọn ọmọdé ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn náà, ó sì kọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá.

Ní ọdún 1936, ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ dá ìdíje ìwé kíkọ sílẹ̀. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ilé ìtẹ̀wé C.M.S. sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938.

Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí olùkọ́ yìí lò. Kò kọ́kọ́ to òfin sílẹ̀. Inú ewu igbó ni ó mú ọmọ wọ̀, títí ọkàn ọmọ fi rọ̀ mọ́ Àkàrà-ogun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sì fi àbùkù wọn pamọ́: Kàkò, akọni láàrin wọn, pa ìyàwó tí ó dì mọ́ ọn pé kí ó má lọ. Ọmọ tí ó bá ka ibẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé agbára tí kò ní àánú, ìparun ni. Lẹ́yìn gbogbo ìjà ni wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje. Fún ọjọ́ méje, àwọn tí iwin kò lè borí jókòó bí ọmọ ilé-ìwé láti gba ẹ̀kọ́ ìwà. Ìrìn-àjò ti rọ ọkàn wọn kí ẹ̀kọ́ tó dé.

Fágúnwà wà lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé nígbà tí ó bá omi lọ nítòsí Bídà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1963.

Mo ti wàásù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ ìjọ a máa gbàgbé kókó mẹ́ta tí mo tò sílẹ̀, wọn a sì máa rántí ìtàn kan tí mo sọ. Olúwa wa pàápàá fi òwe kọ́ni. Ẹ̀yin òbí, àṣẹ pọ̀ nínú ilé wa, ìtàn kò tó. Bí ọmọ kò bá gbọ́ Yorùbá mọ́, ta ni yóò mú un dé ilé Ìrágbèje? Ẹ ka ìwé náà sí wọn létí lálẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú jù.